Ọ́ìlì tí kò yé jò lára ẹ́ńjìnnì tí a tú palẹ̀ tí a sì tún tò

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi tí ó ní písítìnì mẹ́rin ni a tú palẹ̀ pátápátá tí a sì tún tò. A pààrọ̀ ríìngì, bẹ́árìnì, gbogbo gásíkẹ́ẹ̀tì àti gbogbo síìlì. Láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti padà sójú ọ̀nà ni ọ́ìlì ti ń kán níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì. Mẹkáníìkì ti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn crankshaft (irin gígùn tí písítìnì ń yí) nígbà méjèèjì, síbẹ̀ ó ṣì ń jò. Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, n kì í rí nǹkan kan nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sáré lọ sí ọ̀nà jíjìn, bí mo bá ti ń dé ni yóò máa kán. Ó tún fẹ́ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ báyìí. Ṣé kí n gbà fún un?

———

Ẹ má tíì gbà fún un. Bí a bá ti pààrọ̀ nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì tí ọ̀rọ̀ kò yí padà, ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì náà kò ti ibẹ̀ wá rárá. Ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó ti ń wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ẹ́ńjìnnì ń tì í jáde. Tàbí kẹ̀, kí ojú irin tí ètè síìlì ń jókòó lé ti jẹ. Síìlì tuntun mìíràn kò lè tún ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe.

Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé ibi tí ọ́ìlì ti ń kán àti ibi tí ó ti ń jò kì í sábà jẹ́ ibì kan náà. Ọ́ìlì a máa ṣàn wálẹ̀, afẹ́fẹ́ abẹ́ ọkọ̀ a sì máa gbá a sẹ́yìn nígbà tí a bá ń sáré. Ojúkò ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì rẹlẹ̀, ó ní àlàfo tí ọ́ìlì lè wọ̀, ó sì ní ihò nísàlẹ̀ tí ó lè gbà kán. Nítorí náà, ohun gbogbo tí ó bá ń jò lókè rẹ̀ ni ó lè wá kó síbẹ̀. Igun ẹ̀yìn ìdérí òkè, ìyẹn ìdérí tí ó bo orí ẹ́ńjìnnì, wà lókè rẹ̀. Ìdérí kékeré tí ó dí ẹ̀yìn camshaft (irin tí ń ṣí fáàfù) ní top cylinder, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì tí ó jókòó lé blọ́ọ̀kù, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá ní distributor (ohun tí ń pín iná fún plọ́ọ̀gì), òrùka rọ́bà ìdí rẹ̀ lè ti gbẹ, tàbí kí wọ́n gbàgbé láti pààrọ̀ rẹ̀. Súwíìṣì tí ń tan iná ọ́ìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù náà kò ṣe é fojú fò: ó kéré, ó ń fara da gbogbo agbára ọ́ìlì tí páǹpù ń tì, bí ó bá sì ń jò láti àárín ara rẹ̀, ìwọ̀nba tí ó ń tú jáde yóò tó láti rin gbogbo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì gbingbin.

Kí ẹ tó fi sípánà kan ohunkóhun, ẹ fi ìka kan ọ́ìlì tí ń kán náà kí ẹ sì wò ó lórí bébà funfun. Bí ó bá pupa tí ó sì ṣàn ju ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì tàbí ti páwà sítíárìn, a ti ń bá ẹ́ńjìnnì jà lásán nìyẹn. Ẹ wo ọ̀pá géèjì tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá kọjá àmì òkè, crankshaft yóò máa gbá a lulẹ̀, yóò máa hó, kò sì sí síìlì tí yóò gbádùn rẹ̀.

———

Ẹnìkan kọ̀wé pé: "Ẹ̀gbọ́n, fífọ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe wàhálà ńlá, a ti fọ̀ ọ́, a sì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yìn náà ni a ṣì ti rí ọ́ìlì."

Ọ̀nà tí a gbà wò ó ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá fọ ẹ́ńjìnnì tán, tí a gbé ọkọ̀ rìn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí a tó tún wo abẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì yóò ti tàn dé ibi gbogbo, a óò sì padà síbi tí a wà tẹ́lẹ̀. Fífọ̀ náà ní láti mọ́ débi pé irin yóò gbẹ. Ẹ fi ohun tí ń yọ ọ̀rá fọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo àwọn ibi tí wáyà ti sopọ̀, ẹ ṣan án, kí ẹ sì fi afẹ́fẹ́ gbẹ àwọn kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ́n páódà funfun sí ẹ̀yìn top cylinder, sí ẹ̀gbẹ́ blọ́ọ̀kù, àti yíká ojúkò gíábọ́ọ̀sì. Ẹ wakọ̀ díẹ̀ kí ó gbóná, kí ẹ sì wò ó lójú ẹsẹ̀. Láti òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, kì í ṣe láti abẹ́. Ibi tí ó ga jù tí ó sì wà níwájú jù lára ibi tí páódà ti rin ni orísun rẹ̀, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kàn jẹ́ ipa ọ̀nà tí ó gbà ni.

Níbi tí ojú kò bá ti lè ríran, aró tí ń tàn lábẹ́ iná ultraviolet ń ṣe iṣẹ́ tí páódà kò lè ṣe. Ẹ̀kún ìdérí rẹ̀ díẹ̀ ni a ń dà sínú ọ́ìlì bí ìwé ara agolo rẹ̀ bá ti sọ, a ó wakọ̀, a ó wá tan iná náà nínú òkùnkùn, ibi tí ọ́ìlì ti ń sun jáde yóò sì tàn yòò ní àwọ̀ ewé tàbí òféèfèé. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ẹ́ńjìnnì tí a tún tò, nítorí pé ọ́ìlì tí ó ti wọnú kọ̀rọ̀ nígbà tí a ń tò ó kò ní aró nínú. A ó lè mọ èyí tí ó jẹ́ ti àná yàtọ̀ sí ti òní.

———

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sọ fún yín pé kí ẹ da ọ́ìlì tí ó ki sí i, tàbí kí ẹ ra èròjà tí ń mú síìlì wú. Mo lòdì sí méjèèjì nínú ọ̀ràn yìí, n óò sì sọ ìdí rẹ̀. Èròjà wọ̀nyẹn ni a ṣe fún rọ́bà tí ó ti gbó, tí ó sì ti gan. Síìlì tiyín jẹ́ tuntun, kò gan. Ọ́ìlì tí ó bá ki ju èyí tí ìwé ọkọ̀ yàn lọ kì í tètè dé òkè ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀ tí ó tutù, bẹ́árìnì tuntun tí àlàfo rẹ̀ ṣì fún pinpin ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ẹ óò ti fi ọkàn ẹ́ńjìnnì san gbèsè ẹ̀kán ọ́ìlì díẹ̀.

Àwọn mìíràn ní gbogbo ẹ́ńjìnnì tí a bá tún tò ni ó máa ń jò kí ó tó bára mu. Ríìngì ni ó nílò àkókò láti bá ara sílíńdà mu. Gásíkẹ́ẹ̀tì kò nílò rẹ̀. Bí ó bá jò lónìí, yóò jò lọ́la.

———

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí gbólóhùn kan nínú ìbéèrè náà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà, tí ó sì ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ìyókù lọ: kì í jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń jò lẹ́yìn eré.

Nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì, bí ó ti wù kí ríìngì rẹ̀ dára tó, afẹ́fẹ́ iná díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì kọjá sínú ikùn ẹ́ńjìnnì níbi tí crankshaft wà. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò máa ti gbogbo síìlì láti inú. Ọ̀nà méjì ni a ṣí sílẹ̀ fún un nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù. Èkíní ni fáàfù PCV, tí agbára ìfàmọ́ra intake manifold (páìpù tí ń pín afẹ́fẹ́ wọ sílíńdà) ń gbà fa afẹ́fẹ́ náà padà lọ jó. Èkejì ni họ́ọ̀sì tí ó ti ìdérí òkè lọ sí ọ̀nà afẹ́fẹ́, lẹ́yìn fílítà afẹ́fẹ́ àti ṣáájú throttle (ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí). Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, manifold ń fa gan-an, fáàfù PCV nìkan tó láti gbé gbogbo rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù a sì máa gba họ́ọ̀sì kejì wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí throttle ṣí, manifold kì í fi bẹ́ẹ̀ fa mọ́, afẹ́fẹ́ iná tí ń yọ́ wọ inú ikùn sì pọ̀ sí i. Ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì yóò yí padà, tí yóò gba họ́ọ̀sì kejì jáde. Bí họ́ọ̀sì yẹn bá dí, tàbí tí ó ká, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ ti rọ̀ débi pé ó ń pa ojú dé nígbà tí ó bá gbóná, afẹ́fẹ́ náà yóò há sínú. Síìlì ẹ̀yìn crankshaft àti igun ìdérí òkè ni yóò sì bá a wá ọ̀nà.

Nítorí èyí ni kò fi tó kí a yọ fáàfù PCV, kí a mì ín létí, kí a gbọ́ pé ó ń dún, kí a sì sọ pé ó dára. Dídún rẹ̀ fi hàn pé ohun inú rẹ̀ ń lọ ń bọ̀, kò sọ ohunkóhun nípa họ́ọ̀sì kejì, kò sì sọ bóyá fáàfù náà jẹ́ irú tí a ṣe fún ẹ́ńjìnnì yín.

Bí ẹ óò ṣe dán an wò rọrùn. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ ṣí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ sì gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí. Nínú ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ yá, bébà náà yóò rọra lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá ń gbọ̀n tí ó sì ń fò kúrò, afẹ́fẹ́ ti há. Ìdánwò yìí kò tó fún ọ̀ràn tiyín, nítorí pé nígbà eré ni ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ bẹ mẹkáníìkì kí ó so géèjì tí ń wọn afẹ́fẹ́ kékeré mọ́ ihò ọ̀pá géèjì ọ́ìlì, kí ẹ sì wakọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lórí òkè níbi tí ẹ́ńjìnnì yóò ti ṣiṣẹ́ agbára. Ó yẹ kí ó wà ní òdo tàbí kí ó kéré sí i díẹ̀. Bí ó bá ń gòkè bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ti rí ọ̀tá yín láìtú bóòtì kan.

Bí họ́ọ̀sì méjèèjì bá mọ́, tí afẹ́fẹ́ ṣì ń há, ríìngì ni a ó yẹ̀ wò. Ìdánwò kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n yóò sọ díẹ̀, èyí tí a ń fi afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà láti mọ ìwọ̀n tí ń sá lọ yóò sọ púpọ̀. Ẹ tẹ́tí sí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí: bí ẹ bá gbọ́ ṣíìì níbẹ̀, ríìngì ni. Ẹ́ńjìnnì tí a tún tò tí a wá jẹ́ kí ó máa dúró ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń ní ìṣòro yìí, nítorí pé agbára iná nígbà tí ó bá ń fa ẹrù ni ó ń tẹ ríìngì mọ́ ara sílíńdà kí wọ́n tó lè bára mu.

———

Ẹlòmíràn tún béèrè pé: "Ṣé kì í ṣe pé wọn kò fi gọ́ọ̀mù sílíkónì tó?"

Ní ìdàkejì ni mo sábà máa ń rí i. Mo ti yọ sọ́ǹpù (àwo abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń wà nínú rẹ̀) rí tí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ti já, tí ó sì ti lọ há sí ẹnu ibi tí páǹpù ti ń fa ọ́ìlì. Ẹni tí ó ni ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń ronú lórí jíjò, kò mọ̀ pé bẹ́árìnì òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Níbi tí ìwé àtúnṣe bá ti ní gásíkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ ni kí a lò, kí a tò ó ní gbígbẹ. Níbi tí ó bá ti ní kí a lo gọ́ọ̀mù, ìlà kan tí ó fẹ̀ tó mm 2 sí 3, tí kò já níbì kankan tí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ inú ihò bóòtì, ti tó. Ohun tí ń ba gọ́ọ̀mù jẹ́ ni ọ̀rá. Bí ẹ̀kán ọ́ìlì kan bá ń sọ̀kalẹ̀ láti ara blọ́ọ̀kù nígbà tí a ń lẹ̀ ẹ́, kò ní lẹ̀ níbẹ̀, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Kí a sì jẹ́ kí ó gan kí a tó da ọ́ìlì sí i, bí agolo rẹ̀ bá sọ pé wákàtí 24, kí ó jẹ́ wákàtí 24.

Ní ti ìdérí òkè, fífún un le kì í dá jíjò dúró. Púpọ̀ nínú àwọn bóòtì kéékèèké M6 tí ó dì í mú kò nílò ju bíi Nm 10 lọ (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún bóòtì). Bí a bá fún un jù, ìdérí náà yóò wọ́, rọ́bà yóò yọ síta láàárín bóòtì méjì, yóò sì wá jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Igun tí ìdérí ti gun orí irin onígun tí ó di camshaft mú nìkan ni ọ̀pọ̀ ìwé àtúnṣe ti ń béèrè fún gọ́ọ̀mù díẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n sábà máa ń gbójú fò.

N óò fi èyí kún un, bí ó tilẹ̀ yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ tí ń yí òkúta ìfági ha ojú top cylinder aluminiọ̀mù kí gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lè kúrò. Ó ń jẹ ojú irin náà ní kòtò, iyanrìn wẹ́wẹ́ tí ó ń tú sílẹ̀ sì ń wọnú ọ̀nà ọ́ìlì lọ bá bẹ́árìnì. Abẹ ike, sùúrù àti ohun tí ń yọ gọ́ọ̀mù ti tó. Lẹ́yìn náà ni kí a gbé irin títọ́ lé e kí a sì fi feeler gauge wọn àlàfo abẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ ìwé kò gba ju mm 0.05 sí 0.10 lọ.

———

Ẹni tí ó béèrè padà wá: Ẹ ṣeun, ọ̀gá. A fọ̀ ọ́, a fọ́n páódà sí i. Igun ẹ̀yìn ìdérí òkè rin, ó sì ṣàn wálẹ̀ sórí gíábọ́ọ̀sì. Họ́ọ̀sì kejì tí ẹ sọ ni a rí pé ó ti ká lábẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n tò ó padà, kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa. A pààrọ̀ họ́ọ̀sì, a sì fi gọ́ọ̀mù sí igun náà. Òkè ti gbẹ. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, ó ń sun, kò kán mọ́. Mẹkáníìkì ní òun ti sọ pé síìlì ẹ̀yìn ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

———

Iṣẹ́ dáadáa ni ẹ ṣe. Ìwọ̀n tí ó dín kù fi hàn pé ohun tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi síìlì. Kí ẹ tó gbà pé síìlì ni ó kù, ẹ wakọ̀ díẹ̀ sí i, nítorí ọ́ìlì àtijọ́ tí ó ti kún inú ilé flywheel (àgbá irin tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì) yóò máa sun jáde fún ìgbà kan. Ẹ nù ún, kí ẹ sì fi bébà mọ́ ọn. Bí bébà kò bá rin mọ́, ọ̀rọ̀ ti tán.

Bí ó bá ṣì ń rin, ó tó àkókò láti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ nítorí síìlì nìkan. Kí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí flywheel bá kúrò. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn flywheel àti ihò àwọn bóòtì rẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ihò wọ̀nyẹn gba crankshaft já sínú ikùn ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì a sì máa gba eyín bóòtì jáde bí wọn kò bá fi gọ́ọ̀mù eyín bóòtì sí i. Jíjò rẹ̀ jọ ti síìlì ní gbogbo ọ̀nà, àyàfi pé àárín ni ó ti ń tàn lọ sí ẹ̀gbẹ́, tí ètè síìlì fúnra rẹ̀ sì máa ń gbẹ. Ẹ wo ẹ̀yìn blọ́ọ̀kù pẹ̀lú, nítorí a máa ń yọ àwọn bóòtì tí ó dí ọ̀nà ọ́ìlì níbẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ fọ blọ́ọ̀kù, a sì lè dá ọ̀kan padà láìfi gọ́ọ̀mù sí eyín rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni síìlì kàn. Ẹ fi èékánná wọ́ ojú crankshaft níbi tí ètè rẹ̀ ń jókòó lé. Bí èékánná bá há sínú poro kan, síìlì tuntun yóò máa jókòó sínú poro kan náà, yóò sì máa jò. Òrùka irin tín-ín-rín kan wà tí a ń gbá wọ ojú crankshaft láti bo poro náà. Bí a kò bá rí òrùka rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì yín, a lè gbé síìlì náà jókòó sí ibi tí ó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ kí ètè rẹ̀ lè bọ́ sórí irin tí kò tíì jẹ, bí àyè bá wà fún un.

Ẹ bi mẹkáníìkì léèrè irú síìlì tí ó lò. Èyí tí ó jẹ́ rọ́bà tí ó ní sípíríǹgì kékeré lẹ́yìn ètè rẹ̀ ni a ń fi ọ́ìlì pa kí a tó tì í wọlé, kí ètè rẹ̀ lè yọ̀ wọlé láìya. Èyí tí ètè rẹ̀ jẹ́ PTFE (irú ike kan tí ń yọ̀), tí ó pẹlẹbẹ tí kò sì ní sípíríǹgì, gbígbẹ ni a ń gbé e wọlé sórí irin gbígbẹ tí ó mọ́, nítorí pé ó ní láti fi díẹ̀ nínú ara rẹ̀ kun irin náà. Púpọ̀ nínú wọn ń bá òrùka ike tí ń tọ́ ọn wọlé wá, a kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ títí a ó fi gbé síìlì dé ojú crankshaft. Bí ẹni tí ó ti ń fi ọ́ìlì pa rọ́bà láti ọjọ́ pípẹ́ bá fi ọ́ìlì pa PTFE, yóò jò, yóò sì tún jò bí ó bá pààrọ̀ rẹ̀ tí ó sì tún fi ọ́ìlì pa á. Ìyẹn nìkan lè ṣàlàyé ìdí tí síìlì méjì kò fi ṣiṣẹ́.

Ṣáájú kí gíábọ́ọ̀sì tó padà sí àyè rẹ̀, ẹ ní kí ó dí họ́ọ̀sì méjèèjì, kí ó sì fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì láti ihò géèjì, kò yẹ kí ó ju psi 3 lọ (psi ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), nítorí èyí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lè yí ètè síìlì padà. Kí ó fi omi ọṣẹ kun yíká síìlì, ihò bóòtì àti ẹ̀yìn blọ́ọ̀kù. Ibi tí ó bá hó ni ibi tí a ó tún ṣe, nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tó o. Kí ó sì tú họ́ọ̀sì méjèèjì sílẹ̀ padà kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì.